Mẹ́mọ́rì Tí Àjíkẹ́ Kò Dán Wò

Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ni Àjíkẹ́ kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ méjèèjì yọ síta lábẹ́ tábìlì nínú ìbọ̀sẹ̀ dúdú, àtàǹpàkò tọ̀tún sì ti dá ihò lu sí tirẹ̀, ó ń yọjú bí ọmọdé tó ń wo àlejò láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Pásítọ̀ Adédìran ló ránṣẹ́ pe Àjíkẹ́ pé kọ̀ǹpútà tí àwọn fi ń gbé ọ̀rọ̀ orin àti ẹsẹ Bíbélì sára ògiri ti ń wọ́ bí ìgbín, pé kó wá bá àwọn wò ó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Àjíkẹ́ wí fún ẹsẹ̀ náà. "Ṣé ẹ̀ ń tún un ṣe ni àbí ẹ̀ ń bà á jẹ́?"

Ẹsẹ̀ ta gìrì. Orí gbá abẹ́ tábìlì, gbà! Ọkùnrin kan rá jáde, eruku kún irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń fọwọ́ ra orí. Ó rí ibi tí ojú Àjíkẹ́ wà, kíá ló ká ìka ẹsẹ̀ náà kò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ibẹ̀ yẹn. Mo ní òmíràn tó dáa nílé."

"Ìbọ̀sẹ̀ kọ́ ni wọ́n ní kí n wá tún ṣe."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Ọlábọ̀dé Akínfẹ́nwá ni orúkọ òun, pé òun ń kọ́ni ní jọ́gíráfì ní ilé-ìwé kan ní Festac, pé òun ló ń bá ṣọ́ọ̀ṣì tọ́jú ẹ̀rọ ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè. Àjíkẹ́ ń gbọ́, ó ń tú síkúrù ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Nígbà tó dé orí ẹ̀kẹta, ó rí i pé òun ń dè é mọ́ra sí i ni, òun kò tú u.

"Mẹ́mọ́rì rẹ̀ ló kéré," ló wí nígbẹ̀yìn. "Màá mú òmíràn wá ní Sátidé."

"Aago mélòó? Torí pé mo máa kúrò níbí tó bá di ọ̀sán."

"Kí lẹ fẹ́ fi aago ṣe? Kọ̀ǹpútà ni mò ń bọ̀ wá wò."

"Mo mọ̀. Èmi náà ń bọ̀ wá wò ó ni."

Bí Àjíkẹ́ Owólabí ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Kò fọkàn tán ọ̀rọ̀ dídùn. Àwọn tó fi ọ̀rọ̀ dídùn bá a lò rí kì í padà wá. Ó ku ọdún kan kó parí girama ni bàbá rẹ̀ kú, ìwé sì tán síbẹ̀. Ó lọ ń gbálẹ̀ fún ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Agboju, àwọn ẹ̀rọ tó ti kú tí ọ̀gá fẹ́ dà nù ló ń tú wò. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Nígbà tó fi pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Fourth Avenue, ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sókè ẹnu ọ̀nà: TÍ KÒ BÁ ṢIṢẸ́, GBÉ E PADÀ WÁ.

Ohun kan ló ń tì í lójú. Bí oníbàárà bá béèrè pé, "Yunifásítì wo lẹ lọ?" á bẹ̀rẹ̀ sí í wá síkúrù nílẹ̀. Á máa wá a títí oníbàárà á fi gbàgbé ohun tó béèrè.

Nítorí pé kò ní ìwé ẹ̀rí, ó ní òfin. Mẹ́mọ́rì ni pátákó pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó bá ń ṣe lọ́wọ́ sí. Bí ojú ibì kan bá bàjẹ́ lára rẹ̀, ẹ̀rọ á gbé iyọ̀ síbẹ̀, ṣúgà ni yóò bá nígbà tó bá padà dé, orí rẹ̀ á sì dàrú. Nítorí náà mẹ́mọ́rì kankan kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù Àjíkẹ́ láìjẹ́ pé ó ti dán an wò ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Èyí tó bá yege, á fi kíútẹ̀ẹ̀sì pupa kan igun rẹ̀. Àwọn oníbàárà mọ àmì náà. Òun ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Nígbà tí Sátidé dé, mẹ́mọ́rì kan ṣoṣo tó bá kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀ṣì mu ló wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ara ẹ̀rọ àlòkù kan ló ti yọ ọ́, kò tíì dán an wò. Bó bá ní òun á dán an wò, ó di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán sì ni ọkùnrin oníbọ̀sẹ̀ yẹn máa kúrò.

Ó wo mẹ́mọ́rì, ó wo aago. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Pásítọ̀ ló ń kánjú. Irọ́ ni. Ó ṣí kíútẹ̀ẹ̀sì, ó fi kan igun rẹ̀, ó sì fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè tètè gbẹ.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí Àjíkẹ́ tó kí ẹnikẹ́ni, Ọlábọ̀dé ti gbé ẹsẹ̀ lé orí àga. Ìbọ̀sẹ̀ tuntun, ó pọ́n bí ọsàn.

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Kò sí ihò kankan."

"Ìbọ̀sẹ̀ ni kò níhò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn gba sùúrù. Ẹ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rí i."

Àjíkẹ́ kò mọ̀ pé òun ń rẹ́rìn-ín àfi ìgbà tí etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ki mẹ́mọ́rì bọ inú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ náà jí, ó ń sáré bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, inú gbogbo wọn sì dùn.

Sọ́ńdè kejì, láàárín orin ìyìn, ògiri ṣọ́ọ̀ṣì di búlúù, bó ṣe máa ń rí bí kọ̀ǹpútà bá kú lójijì. Gbogbo ọ̀rọ̀ orin pòórá. Àwòrán ojú kan tó fajú ro ló gba ipò wọn, ó tóbi ju Pásítọ̀ lọ, ó ń wo irínwó ènìyàn. Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kan níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Ọlábọ̀dé pa ẹ̀rọ, ó tàn án, ó tún di búlúù. Wọ́n fi orí kọ ìyókù orin náà, ìlà kejì kò sì bá ara mu lẹ́nu ẹni méjì.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n pe Àjíkẹ́ sí ọ́fíìsì Pásítọ̀. Mọ́mì Akínfẹ́nwá wà níbẹ̀, ìyá Ọlábọ̀dé. Opó ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó ṣánṣán bí ẹni tó ń retí fáìlì. Ọlábọ̀dé ti fi fóònù ya ojú búlúù náà. Ó na fóònù sí Àjíkẹ́.

Nísàlẹ̀ àwòrán náà, ẹ̀rọ ti kọ orúkọ ohun tó fẹ̀sùn kàn: dráífà fídíò. Dráífà ni ètò kékeré tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bó ṣe máa lo ohun tí wọ́n bá so mọ́ ọn.

"Ta ló fọwọ́ kan dráífà fídíò?"

"Èmi ni," ni Ọlábọ̀dé wí. "Ẹ̀rọ kọ ọ́ síbẹ̀ pé tuntun ti dé, mo sì gbé e wọlé."

Ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì yẹn gba ọkàn Àjíkẹ́ kọjá bí eku tó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá. Kò lé e.

"Ohun tó fà á nìyẹn," ló wí. "Ẹni tí kò mọ nǹkan kì í fọwọ́ kan nǹkan."

Mọ́mì yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n! Lójú Ọlọ́run àti ènìyàn!"

Ọlábọ̀dé lè sọ pé ọdún mẹ́ta lòun ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà. Kò sọ ọ́. "Ó lè jẹ́ èmi," ló ní. "Ẹ má bínú, sà."

Àjíkẹ́ yọ dráífà náà, ó dá èyí àtijọ́ padà, ó ní ó ti parí. Wọ́n gbé ẹ̀rọ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Wọ́n fún Ọlábọ̀dé ní ẹ̀wù aláìlápá kan tó ń dán yànrànyànràn, wọ́n ní kó lọ máa darí ọkọ̀ níta.

Ọjọ́ kẹta, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Àjíkẹ́ tòun ti ìwé ẹkisásáìsì lábẹ́ abíyá. Àjíkẹ́ rò pé ìjà ló bá wá.

"Ẹ kọ́ mi," ló ní. "Ẹ ní ẹni tí kò mọ nǹkan kì í fọwọ́ kan nǹkan. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n."

Àjíkẹ́ kò mọ ibi tó máa gbé ojú sí. "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ènìyàn. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi rí."

"Iṣẹ́ mi nìyẹn. Màá kọ́ yín bí ẹ ṣe máa kọ́ mi."

Bó ṣe di pé ó ń wá lójoojúmọ́ nìyẹn, bí ilé-ìwé bá ti parí. Á ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà bọ̀, á fi pépà nu ọwọ́ kó má bàa ta epo sí ẹ̀rọ, á sì máa béèrè ìbéèrè bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Gbogbo ohun tí Àjíkẹ́ bá sọ ló ń kọ sílẹ̀, pẹ̀lú déètì lókè. Ẹnikẹ́ni ò kọ ọ̀rọ̀ Àjíkẹ́ sílẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Àjíkẹ́, na burọ́ọ̀ṣì yẹn sí mi."

Àjíkẹ́ gbójú sókè. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mà. Ó bọ́ lẹ́nu mi ni."

"Mi ò ní kó o má sọ ọ́. Tún un sọ kí n gbọ́."

Lọ́jọ́ mìíràn oníbàárà kan béèrè ìbéèrè yunifásítì, Àjíkẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá síkúrù nílẹ̀. Nígbà tí oníbàárà lọ tán, Ọlábọ̀dé fi síkúrù kékeré kan lé e lọ́wọ́.

"Èyí tó o máa ń wá nìyẹn. Mo ti bá ọ rí i. O lè sinmi."

Ara Àjíkẹ́ gbóná láti ọrùn dé etí. "Mi ò parí girama," ló wí, ó ń wo síkúrù.

"Mo mọ̀. Ìwé mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún fún ohun tó o mọ̀."

Mi ò ní purọ́ pé ọkàn rẹ̀ fò bí ẹyẹ. Ó kàn jókòó ni, ó sì fi síkúrù náà sínú àpò rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ó ń tún láptọ́ọ̀pù ẹnì kan ṣe, ó sì ń kọ́ Ọlábọ̀dé bó ti ń ṣe é. "Bó bá kú, tó dárúkọ ohun kan, o lè fura sí nǹkan ọ̀hún. Àmọ́ bó bá ń kú léraléra, tó ń dárúkọ ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, má dá dráífà lẹ́bi. Mẹ́mọ́rì ni kó o lọ mú." Ọlábọ̀dé kọ ọ́ sílẹ̀. Eku ọjọ́sí yẹn tún gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá.

Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀ṣì kò dá ẹnikẹ́ni láàmú ní gbogbo àkókò yẹn. Àwọn tó ń gbẹ́ kòtò lójú ọ̀nà ti já wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì, wọn kò fi ìsìn ránṣẹ́ sí òkè òkun mọ́, iṣẹ́ ẹ̀rọ sì fúyẹ́. Ibi tó bàjẹ́ lára mẹ́mọ́rì dà bí yàrá ẹ̀yìn tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Bí àlejò ò bá pọ̀, kò sẹ́ni tó máa sùn síbẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní, "Ẹ ò rí i? Látìgbà tí Bọ̀dé ò ti fọwọ́ kàn án!" Àjíkẹ́ náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti gbà á.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n tún wáyà so, Mọ́mì Akínfẹ́nwá sì pé àádọ́rin ọdún. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Stella, yọ sára ògiri láti Kánádà. Ọdún mẹ́fà ni Mọ́mì kò ti rí i. Ó dìde dúró, ó gbé ojú sókè sí ọmọ rẹ̀, áńkáṣíìfù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì mi," ni Stella wí, "ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín láti ọjọ́ yìí ni pé—"

Ògiri di búlúù. Ojú tó fajú ro yẹn ló wá ń wo Mọ́mì.

Mọ́mì yí padà. Ọlábọ̀dé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ nínú ẹ̀wù tó ń dán, ó ń fi fóònù ya ògiri. Ó wọlé wá gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ ni.

"Ọlábọ̀dé!" Kò lo makirofóònù, ṣùgbọ́n gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́. "Mo ní kó o má dé ibẹ̀! Kí ni mo ṣe fún ọ tó o fi ń dójú tì mí?"

"Mọ́mì, mi ò—" Ó wo Àjíkẹ́ tó wà ní ìlà kẹta.

Àjíkẹ́ gbé báàgì rẹ̀. "Màá gbé e lọ yẹ̀ wò," ló wí. Ẹ̀rọ ló ń wò bó ti ń sọ ọ́. Kò wo ọkùnrin náà.

Àárọ̀ Mọ́ńdè, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó ṣe ohun tó yẹ kó ti ṣe lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ìdánwò náà kò tíì lò tó ogún ìṣẹ́jú tí ìlà pupa fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ọ̀kan, mẹ́ta, ogún, títí ojú kọ̀ǹpútà fi kún. Ó yọ mẹ́mọ́rì náà. Kíútẹ̀ẹ̀sì pupa rẹ̀ wà ní igun, ó ń dán, kò tilẹ̀ họ.

Ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn wáyà. Ó rántí ohùn ara rẹ̀ ní ọ́fíìsì Pásítọ̀: ẹni tí kò mọ nǹkan. Ó fi ọwọ́ bo ojú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ tó ń wò ó.

Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fi mẹ́mọ́rì mìíràn tó ti yege síbẹ̀, ó sì gbé kọ̀ǹpútà padà fún Pásítọ̀.

"Kí ló ṣe é gan-an?" ni Pásítọ̀ béèrè.

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni, sà. Ó ti parí."

Ọ̀sẹ̀ kejì, Mọ́mì ránṣẹ́ pè é wá sílé rẹ̀ ní 22 Road. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ Àjíkẹ́ àti Ọlábọ̀dé ti dé etí rẹ̀. Ó gbé ìrẹsì kalẹ̀ síwájú Àjíkẹ́ àti Ọlábọ̀dé, ó sì jẹ́ kí Àjíkẹ́ jẹ ṣíbí méjì kó tó béèrè.

"Yunifásítì wo lo lọ?"

Àjíkẹ́ wo ilẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì ni, kò sí síkúrù kankan níbẹ̀. "Mi ò parí girama, mà."

"Mo ti ní i lọ́kàn pé mi ò ní gbà," ni Mọ́mì wí. "Ṣùgbọ́n mo rò ó. Ọmọ mi kàwé dé yunifásítì, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló bà jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ tó ò kàwé, ìwọ lo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ó nílò ẹni tó máa máa tún ohun tó bá bà jẹ́ ṣe. Mo fọwọ́ sí i."

Àjíkẹ́ gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó wo Ọlábọ̀dé. Ọlábọ̀dé kò jẹun. Òun náà ń wo Àjíkẹ́, ó ń wò ó bí ẹni tó ń retí nǹkan. Àjíkẹ́ mu omi. "Ẹ ṣeun, mà," ló wí, ìtìjú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn sì ju ti girama lọ.

Bukky tó ń ta irun ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá a níbi tó ti ń sunkún. Àjíkẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ta ló mọ̀?" ni Bukky béèrè.

"Èmi mọ̀."

"Ìwọ kì í ṣe ènìyàn nínú ọ̀rọ̀ yìí! Àjíkẹ́, gbọ́. Tó o bá sọ ọ́, oníbàárà lọ, ọkọ lọ, ìyá ọkọ lọ. Tó o bá dákẹ́, wọ́n á fẹ́ ọ ní Disẹ́ńbà."

"Wọ́n á fẹ́ mi, a sì máa bú u nínú ilé wa títí a fi darúgbó. Gbogbo ìgbà tí gílásì bá fọ́, wọ́n á ní òun ni."



Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nígbà tó di àsìkò ìjẹ́rìí, Àjíkẹ́ tò sẹ́yìn obìnrin kan tó wá dúpẹ́ físà àti ọkùnrin kan tó wá dúpẹ́ ìbejì. Nígbà tó kàn án, ó gbé makirofóònù súnmọ́ ẹnu títí ó fi gbá a léyín.

"Ẹ yin Olúwa."

"Halelúyà!"

"Mi ò wá dúpẹ́. Mo wá sọ ohun tí mo ṣe."

"Halelúyà!" ni àwọn kan dáhùn, torí pé ó ti mọ́ wọn lẹ́nu.

Ó gbé mẹ́mọ́rì náà sókè. "Èyí ló ń da kọ̀ǹpútà yín rú. Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Àmì pupa yìí ni mo fi ń sọ fún ènìyàn pé mo ti dán nǹkan wò. Mi ò dán èyí wò. Bọ̀dá Ọlábọ̀dé ò ba nǹkan kan jẹ́. Nígbà tí mo sì rí i pé èmi ni, mo yọ ọ́, mo dákẹ́, mo jẹ́ kẹ́ ẹ máa bú u. Mọ́mì, mo jókòó nílé yín, mo jẹ oúnjẹ yín, mo dákẹ́. Mo bẹ̀ yín. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi, màá ṣí ṣọ́ọ̀bù láago mẹ́jọ lọ́la."

Kò sẹ́ni tó ní halelúyà. Mọ́mì wo iwájú gan-an, kò mira. Pásítọ̀ gba makirofóònù, ó wá ọ̀rọ̀ tì, ó ní kí wọ́n kọrin. Ọ̀rọ̀ orin jáde sára ògiri kedere, kò sí ẹyọ kan tó sọnù.

Sípíkà kan wà ní ẹnu géètì tó ń gbé ohùn síta. Nígbà tí Àjíkẹ́ jáde, ó bá ẹ̀wù tó ń dán yẹn lára irin géètì, wọ́n fi kọ́ síbẹ̀. Ẹni tó ni ín ti lọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ènìyàn mẹ́fà gbé ẹ̀rọ wọn lọ. Àjíkẹ́ bá wọn gbé e dé inú ọkọ̀. Ọlábọ̀dé kò wá. Kò wá lọ́jọ́ kejì, kò wá lọ́jọ́ kẹta. Àjíkẹ́ gbé fóònù lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó sì gbé e kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Kò ní ọ̀rọ̀ kan tó lè fi bẹ̀ ẹ́ tí kò ní dà bí àwáwí.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Mọ́mì Akínfẹ́nwá ló wọlé, láptọ́ọ̀pù lábẹ́ abíyá. Àjíkẹ́ kúnlẹ̀.

"Dìde, ilẹ̀ yẹn dọ̀tí." Mọ́mì jókòó. "Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba. Bí nǹkan bá bàjẹ́, fáìlì á gbéra, á máa ti orí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn, ó ń wá orúkọ ẹni tí wọ́n máa kọ sí i. Mi ò rí i rí kí ẹnì kan dìde kó ní, ẹ gbé e wá, orúkọ mi ni kẹ́ ẹ kọ. Inú mi ò dùn sí ọ. Ṣùgbọ́n èmi bú ọmọ mi lójú ayé, mi ò sì bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ló ṣẹlẹ̀."

"Ṣé ẹ ti bá a sọ̀rọ̀, mà?"

"Mo se mọ́ínmọ́ín fún un. Mo fi ẹyin méjì sí tirẹ̀. Ó yé e." Ó ti láptọ́ọ̀pù náà síwájú. "Èyí ń kú fúnra rẹ̀. Yẹ̀ ẹ́ wò."

"Lẹ́yìn ohun tí mo ṣe, mà?"

"O kọ ọ́ sókè ẹnu ọ̀nà rẹ pé tí kò bá ṣiṣẹ́, kí wọ́n gbé e padà wá. Àbí irọ́ nìyẹn náà?"

Àárọ̀ Sátidé, Àjíkẹ́ ti ra mẹ́mọ́rì kan rọ́pò èyí tó bàjẹ́ nínú láptọ́ọ̀pù Mọ́mì, ìdánwò rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Ọlábọ̀dé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò ra bọ̀ọ̀lì. Ó ṣí ìwé ẹkisásáìsì, ó gbé e ka iwájú Àjíkẹ́, ó sì fi fóònù lé e lórí: àwòrán ojú búlúù méjì. Ti àkọ́kọ́ dárúkọ dráífà fídíò. Ti ọjọ́ ìbí Mọ́mì dárúkọ nǹkan mìíràn pátápátá.

"Bó bá ń dárúkọ ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀," ló kà nínú ìwé, "má dá dráífà lẹ́bi. Ìwọ lo sọ ọ́. Déètì wà lókè."

Àjíkẹ́ dìde. "Láti ọjọ́ ìbí Mọ́mì lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ yẹn."

"O sì jókòó ti ìrẹsì yẹn, ò ń wò mí!"

"Mò ń retí pé wàá sọ ọ́. Mo ní bó ò bá sọ ọ́, màá lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń ṣọ́ ẹnu rẹ bí ẹni tó dẹ pàkúté. Ènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó fẹ́ràn. Ojú tì mí, ni mi ò fi wá."

"Mo rò pé ìbínú ni."

"Ìbínú wà níbẹ̀. Ó pọ̀." Ó fa àga, ó jókòó. "Ohun kan ni mi ò mọ̀. Ìwọ tí kì í fo ìdánwò, kí ló dé tó o fo tọjọ́ yẹn?"

Àjíkẹ́ wá síkúrù kiri lórí tábìlì. Ó sì fi í sílẹ̀. "O ní o máa kúrò ní ọ̀sán."

Ọlábọ̀dé wò ó títí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn rẹ̀, ó sì bo gbogbo ojú rẹ̀. "Àjíkẹ́. Èmi ni mo wá ba kọ̀ǹpútà náà jẹ́ nígbẹ̀yìn!"

"Má fi ṣeré. Ó ń dùn mí."

"Mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Fẹ́ mi."

"Dúró ná."

"Dúró de kí ni?"

Àjíkẹ́ nawọ́ sí láptọ́ọ̀pù. "Ó ku ẹ̀ẹ̀mẹta. Mi ò ní kánjú mọ́ torí pé ìwọ ń lọ."

"Mi ò lọ síbì kankan."

"Ó dáa. Jókòó."

Ó jókòó. Wọ́n jẹ ẹ̀pà tí Bukky gbé wá wò wọ́n. Oníbàárà kan yọjú, ó béèrè bóyá òun lè fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Àjíkẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, ó di Mọ́ńdè. Ooru mú, Ọlábọ̀dé bọ́ bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ dúdú àtijọ́ ló wọ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì tún ti yọjú. Lọ́tẹ̀ yìí kò ká a kò. Àjíkẹ́ wò ó bó ṣe wù ú.

Nígbà tó di aago márùn-ún, ìdánwò kẹrin parí. Àṣìṣe kankan ò sí. Àjíkẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó mú kíútẹ̀ẹ̀sì, ó fi kan igun mẹ́mọ́rì Mọ́mì. Kò dé e padà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ẹsẹ̀ Ọlábọ̀dé mú, ó sì fi pupa kan èékánná àtàǹpàkò tó yọjú nínú ihò ìbọ̀sẹ̀ náà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Mo gbà. Má mira, jẹ́ kó gbẹ."